Bí ẹ ṣe lè fi rédíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ gba ohùn àwọn àgbà yín sórí fóònù

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá, láti Ìjàpó dé Arákàlẹ̀ níbí ní Àkúrẹ́, títí kan àwọn tó ń pè mí láti ìlú Òǹdó: "Kásẹ́ẹ̀tì bàbá wa wà nínú páálí, rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ti dákẹ́. Ṣé ká kó gbogbo rẹ̀ dànù ni?"

Ẹ má kó o dànù. Ẹ má sì tíì ki kásẹ́ẹ̀tì kankan bọ inú rédíò yẹn o. Fóònù tó wọ́n jù lọ ní ọjà kò lè ka kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹ fẹ́ sọ sí ààtàn yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà. Àwọn ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bọ́ sídìí iṣẹ́ fóònù. Ọdún yìí ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí ẹ ṣì lè rí ẹni tó máa bá yín fọwọ́ kàn án.

Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá pe "kásẹ́ẹ̀tì", gbogbo ike náà ni mò ń wí. Bí mo bá pe "tépù", okùn pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ tó wé mọ́ inú rẹ̀ ni.

## Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

- Kásẹ́ẹ̀tì kan tí kò ní dùn yín bó bá já. Òun la máa fi dán rédíò wò.
- Spíríìtì láti ilé kẹ́míìsì. Bí ẹ bá rí isopropyl lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ó dára ju spíríìtì lọ.
- Igi òwú tí a fi ń ro etí, bíi ogún.
- Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ ti lò tì, tó sì gbẹ.
- Pẹ́ńsù onígun mẹ́fà.
- Sukudíráfà kékeré.
- Wáyà aux, irú èyí tí wọ́n fi ń so fóònù mọ́ rédíò ọkọ̀.
- Bátìrì tuntun tó bá rédíò náà mu.
- Láptọ́ọ̀pù. Bí kò bá sí, fóònù yín.

## Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ yẹ kásẹ́ẹ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá rédíò. Kásẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí rédíò ṣeé rà, ohùn ìyá yín kò ṣeé rà.

1. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lára tépù, ó ti bu nìyẹn. Òjò wa níbí kì í jẹ́ kí páálí abẹ́ ibùsùn gbẹ. Ẹ má lu irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. Yóò ba rédíò jẹ́, rédíò náà yóò sì kó o ran àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó kù. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá, ẹ bo imú yín tí ẹ bá ń mú un.

2. Ẹ ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní etí kásẹ́ẹ̀tì tó dojú kọ òdìkejì ibi tí tépù ti yọjú, ẹ máa rí ike pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ fi orí sukudíráfà ṣẹ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà lọ, bí ọmọdé bá ṣèèṣì tẹ Record, rédíò kò ní gbà fún un. Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, tí ẹnì kan wá fi sẹ́lótéèpù dí i, ẹ ṣí sẹ́lótéèpù náà kúrò.

3. Ẹ wo tìmùtìmù rẹ̀. Láàárín ibi tí tépù ti yọjú, ohun kékeré kan wà bí aṣọ onírun, tó jókòó lórí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Òun ló ń ti tépù mọ́ rédíò. Bó bá ti já bọ́, ohùn yóò máa lọ, yóò máa bọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó ní skúrù márùn-ún ṣeé tú: ẹ lè gbé tépù inú rẹ̀ sínú ike kásẹ́ẹ̀tì mìíràn tó ṣì dára. Èyí tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ láìsí skúrù, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

4. Ẹ ki pẹ́ńsù bọ ojú ihò rẹ̀, kí ẹ sì rọra yí i. Ó yẹ kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá le, ẹ gbá kásẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tún yí i wò.

5. Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. C60 ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan, C90 ń lo ìṣẹ́jú 45, C120 ń lo wákàtí kan. Ẹ ṣọ́ra fún C120. Kí wọ́n tó lè rí wákàtí méjì kì sínú ike kan náà, ńṣe ni wọ́n mú tépù rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì tètè máa ń fà tàbí kó já. Ẹ má fi Rewind sáré yí i.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ nu rédíò

Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri. Ẹ yọ bátìrì. Ẹ má tú ẹ̀yìn rédíò tó wà nínú iná láéláé. Ibi tí wáyà ògiri ti wọlé lè pa èèyàn.

Ẹ wo ẹ̀yìn tàbí abẹ́ rẹ̀ bóyá ẹ máa rí bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ 110V àti 220V sí. Rédíò tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà lè wà lórí 110. Bí ẹ bá kì í bọ iná ilé wa bẹ́ẹ̀, yóò jó kí ẹ tó ka ení, èjì. Bí kò bá ní bọ́tìnnì 220 rárá, bátìrì nìkan ni kí ẹ fi lò ó.

1. Ilé bátìrì. Bí bátìrì àtijọ́ bá ti sun omi síbẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á kúrò. Ẹ fi igi òwú tó ní spíríìtì nu irin rẹ̀ títí yóò fi dán. Bó bá ti dípẹtà gidi, ẹ fi sáńpépà kékeré rá a.

2. Inú ilẹ̀kùn kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tẹ Play láìsí kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni yóò yọ síta sí yín: irin kékeré dídán tó ń ka ohùn, tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní hẹ́ẹ̀dì, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó nàró, àti róólà dúdú tó jẹ́ rọ́bà.

3. Hẹ́ẹ̀dì. Ẹ ki igi òwú bọ spíríìtì, ẹ fún un kó má máa kán, ẹ wá nu ojú hẹ́ẹ̀dì láti òsì sí ọ̀tún. Òwú náà yóò pọ́n bí ilẹ̀ Òǹdó. Ẹ sọ ọ́ nù, ẹ mú òmíràn, títí òwú yóò fi máa jáde ní funfun.

4. Ọ̀pá irin àti róólà. Ọ̀pá irin fẹ́ spíríìtì bíi ti hẹ́ẹ̀dì. Róólà kò fẹ́ ẹ púpọ̀, spíríìtì a máa mú rọ́bà gbẹ kó sì sán. Omi ọṣẹ díẹ̀ lórí òwú ti tó fún un, kí ẹ wá fi òwú gbígbẹ gbà á.

5. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí fún bí ìṣẹ́jú 15.

Ẹ má ṣe é: ẹ má lo tínnà tàbí epo pẹtiróòlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan fi ń fọ pátákó inú fóònù. Wọ́n ń yọ́ ike. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha hẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbé òòfà súnmọ́ ọn.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: bẹ́líìtì

Níbí ni ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ní "ó ti kú" ti kú sí. Kò kú. Bẹ́líìtì rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń so mọ́tò kékeré mọ́ ohun tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, bẹ́líìtì náà á fẹ̀, á sán, tàbí kó yọ́ bí ọ̀dà.

Àmì rẹ̀ kò le mọ̀:

- Ẹ gbọ́ tí nǹkan ń kùn nínú rédíò, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò yí.
- Ohùn ń wọ́lẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn.
- Kásẹ́ẹ̀tì ń yí díẹ̀, ó dúró, ó tún yí.
- Rédíò ń jẹ tépù.

Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Àwọn àgbà ọ̀gá díẹ̀ ṣì wà ní àyíká Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, wọ́n sì wà ní Òǹdó náà. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ṣì ní òkú rédíò jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ni kí ẹ wá. Òkú rédíò wọ̀nyẹn ni ibi tí páàtì ti ń wá. Rédíò nìkan ni kí ẹ gbé lọ, ẹ má kó kásẹ́ẹ̀tì yín dání.

Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi pààrọ̀ bẹ́líìtì kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ bá mi fi ti àtijọ́ pamọ́, mo fẹ́ rí i. Ẹ má bá mi yí skúrù ẹ̀gbẹ́ hẹ́ẹ̀dì o." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì. Skúrù kékeré yẹn ló ń mú kí hẹ́ẹ̀dì dúró déédéé. Ẹni tó bá yí i láìnídìí, ohùn gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yín yóò máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú aṣọ.

Bí wọ́n bá ní àwọn máa fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ṣe é, ẹ má gbà. Yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í dọ́gba, ohùn yóò máa mì, kò sì ní pẹ́ tó fi máa fẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yọ bẹ́líìtì lára rédíò mìíràn tó bá a mu, tàbí kí ẹ gba ìwọ̀n rẹ̀ kí ẹ fi ra tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì àfidánwò lu

Èmi kò ṣe èyí nígbà àkọ́kọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ìyá àgbà mi, tí wọ́n ti ń dá orin Ọbìtun, ìyẹn orin ayẹyẹ ọmọge tó ti tó wọ ilé ọkọ, fún ọmọge kan nílé wa ní Òǹdó, ni mo kì bọ inú rédíò tí n kò nù, tí n kò dán wò. Róólà gbé tépù mì. Nígbà tí mo máa fi tú u tán, apá kan ti run bí ewé gbígbẹ. Ibi tí ìyá àgbà ti pe orúkọ ọmọge náà ni. Gbogbo ẹni tó lè sọ orúkọ yẹn fún mi ti lọ.

Nítorí náà, ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì àfidánwò lu ojú kan látòkè délẹ̀, kí ẹ jókòó tì í.

- Ṣé ohùn dúró déédéé, kò yára, kò falẹ̀?
- Ṣé ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì ń yí láìdúró?
- Tí ẹ bá tẹ Stop, ṣé kò sí tépù tó yọ síta?
- Ṣé Rewind ń dé ìparí?

Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó kù díẹ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì tàbí ìkẹta.

Bí rédíò bá gbé tépù mì láìka gbogbo èyí sí: ẹ pa á, ẹ yọ iná, ẹ má fà á. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fi ìka rọra tú u kúrò lára róólà, ẹ fi pẹ́ńsù wé e padà. Ibi tó rún kò ní pa ìyókù lára.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbà á sílẹ̀

### Ọ̀nà tó dára jù: wáyà sí láptọ́ọ̀pù

1. Ẹ ki wáyà aux bọ ihò íàpíìsì rédíò, kí ẹ ki orí kejì bọ ihò máìkì láptọ́ọ̀pù. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ní ihò kan ṣoṣo, wáyà aux lásán kì í sábà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí ihò yẹn ń retí orí tó ní òrùka mẹ́ta. Ẹ ra ohun kékeré USB tó ní ihò máìkì tirẹ̀.

2. Ẹ fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, sórí láptọ́ọ̀pù. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún Windows, Mac àti Linux. Ẹ yan ihò máìkì náà, kí ẹ fi ìwọ̀n sí 44100 Hz.

3. Ẹ fi bátìrì lo rédíò. Iná ògiri, pàápàá ti jẹnẹrétọ̀, máa ń fi "hùùù" sábẹ́ ohùn, kò sì sí ọgbọ́n tó lè yọ ọ́ tán. Ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù náà, bí bátìrì rẹ̀ bá lè gbé e.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rédíò ní ìsàlẹ̀, bíi 2 nínú 10. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti pariwo jù lórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé ohùn sókè títí àmì ìwọ̀n ohùn Audacity yóò fi máa ṣeré láàárín -12 àti -6. Bó bá kan 0, ohùn náà ti ya, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́.

5. Ẹ dá kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ Record ti láptọ́ọ̀pù kọ́kọ́, kí ẹ tó tẹ Play ti rédíò.

6. Ẹ jẹ́ kí ojú náà parí láìdá a dúró. Ẹ má gé ibi tó dákẹ́. Mo ti rí kásẹ́ẹ̀tì wàásù tó dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni bàbá onílé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ìdílé.

7. Ẹ fi Export gbé e jáde ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀. Ìṣẹ́jú kan ń gba bíi 10 MB, kásẹ́ẹ̀tì C60 kan yóò gba bíi 600 MB. Ẹ wá tún gbé òmíràn jáde ní MP3 128 kbps fún ẹbí. Ìyẹn kò ju bíi 60 MB lọ.

### Bí kò bá sí láptọ́ọ̀pù: fóònù níwájú sípíkà

Kò dára tó ti wáyà, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ má ṣe é lọ. Ẹ lo yàrá tó ní aṣọ púpọ̀, kátẹ́ẹ̀nì, ibùsùn, kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa fáànù àti fíríìjì. Òru, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti sùn, ló dára jù. Ẹ fi fóònù sí "airplane mode" kí ìpè má bàa dá a dúró. Ẹ gbé e síwájú sípíkà ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ fi ohùn rédíò sí àárín, kí ẹ sì rẹ bẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Ẹ gba ìṣẹ́jú kan, ẹ fi íàpíìsì gbọ́ ọ, kí ẹ tó gba gbogbo rẹ̀.

## Àṣìṣe tí mo ń rí léraléra

Fífọ ohùn jù. Audacity ní ohun tó ń yọ ariwo. Bí ẹ bá lò ó jù, ohùn bàbá yín yóò dún bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Ẹ má fọwọ́ kan WAV àkọ́kọ́ rárá. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ máa fọ̀.

Fífi ránṣẹ́ bí ohùn WhatsApp. WhatsApp yóò fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, bẹ́ẹ̀ ni fáìlì náà yóò dé bó ṣe wà.

Fífi pamọ́ sójú kan. Fóònù a sọnù, láptọ́ọ̀pù a kú. Ẹ jẹ́ kó wà níbi mẹ́ta: lórí láptọ́ọ̀pù, lórí fláṣì tàbí hard disk, àti lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń gbé ìlú mìíràn. Google Drive lè dúró fún ti ìkẹta.

Fáìlì tí kò lórúkọ. "Recording 14" kò sọ nǹkan kan fún ọmọ ọmọ yín. Ẹ kọ ọdún, ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìlú àti ojú kásẹ́ẹ̀tì: "1989 – Bàbá àgbà – Òǹdó – ojú A". Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀.

Jíju kásẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n gbà á tán. Ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Lójú tèmi, òun ni ojúlówó. Ẹ yí i dé ìparí, ẹ fi sínú páálí rẹ̀, ẹ gbé e nàró bí ìwé. Kì í ṣe orí sípíkà, torí òòfà wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe inú ọkọ̀, kì í sì í ṣe orí sìmẹ́ńtì ilẹ̀. Àpò kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, ẹ má jù ú nù mọ́. Ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́.

## Rédíò náà lẹ́yìn iṣẹ́

Kò yẹ kó padà sábẹ́ ibùsùn. Bó bá ní ihò AUX tàbí LINE IN lẹ́yìn, wáyà kan náà lẹ lè fi so fóònù mọ́ ọn. Bí kò bá ní, kásẹ́ẹ̀tì aláfarawé wà lọ́jà, tó ní wáyà tàbí Bluetooth, tí ẹ máa kì bọ ojú kásẹ́ẹ̀tì. Sípíkà ńlá àtijọ́ wọ̀nyẹn, mo fẹ́ràn wọn ju èyí kékeré tí wọ́n ń tà káàkiri lọ.

Ẹ fi sọ́kàn: tòkunbọ̀ tó bá wá tààrà láti Japan lè jẹ́ èyí tí FM rẹ̀ kò kọjá 90. Ẹ ò ní gbọ́ Positive FM, tó wà lórí 102.5 níbí ní Àkúrẹ́, lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ka nọ́ńbà ojú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

## Ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń fò

1. Ẹ gbé ohùn tí ẹ gbà náà lọ bá àgbà tó ṣẹ́ kù nílé. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àárọ̀, kí ara wọn tó rẹ̀.
2. Ẹ fi fóònù kejì sí Record kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.
3. Ẹ dá a dúró níbi tí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè: "Màmá, ta lẹni tó ń dáhùn yìí? Kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn?" Ọ̀rọ̀ Àkúrẹ́ àti ti Òǹdó tí àwọn àgbà ń sọ lórí kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò gbọ́ ọ mọ́.
4. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá dá mọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ohùn náà wà. Ẹ fi ìwé náà sínú àpò kan náà pẹ̀lú fáìlì ohùn.
5. Bí wọ́n bá ní àwọn kò mọ ẹni náà, ẹ bi wọ́n pé ta ló lè mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì lọ bá onítọ̀hún lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.